Omi Tí Káfíńtà Ṣèlérí

Ọjọ́ tí Káfíńtà kọ́kọ́ wá tún ìlẹ̀kùn ṣe níbi ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba, Tísà Omi ò kà á sí rárá. Ọmọ mẹ́wàá ló wà nínú omi níwájú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní ìlúwẹ̀ẹ́ kò ní ojú tó máa fi wo ọkùnrin. Bí ọkùnrin náà ṣe ń rìn ló jẹ́ kó yíjú wò ó. Ó gbé ìlẹ̀kùn lé èjìká, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ha ògiri lọ bí ológbò tó rí ajá lókèèrè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà sún mọ́ etí omi.

"Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà," ó pè é, "omi yẹn ò ní bù yín jẹ o."

"Mo mọ̀," ni Káfíńtà fèsì láì wẹ̀yìn. "Èmi gan-an ni mi ò fẹ́ bù ú jẹ."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tísà Omi náà rẹ́rìn-ín, ó wá rántí pé òun ò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.

Ìlẹ̀kùn méje ló wú tí kò ṣeé tì mọ́ níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni Káfíńtà fi tún méjèèje ṣe. Lọ́jọ́ karùn-ún ó tún dé, ó ní ìkẹjọ náà ti fẹ́ bàjẹ́. Tísà Omi lọ ti ìkẹjọ ọ̀hún wò nígbà tí Káfíńtà lọ tán. Kò sí ohun tó ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Káfíńtà forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin, omi ò kọjá àyà rẹ̀, irun orí rẹ̀ ò sì tutù. Ó di irin etí omi mú bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú láàárín èrò.

"Tísà," ó sọ lọ́jọ́ kẹrin, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, "ẹ jẹ́ n má purọ́ fún yín. Kì í ṣe ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo wá kọ́."

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ ìlẹ̀kùn kẹjọ."

Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Tísà Omi nígbà náà. Ọmọ ọdún méje ló jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ wọ omi, láti ìgbà náà sì ni kò ti síbòmíràn tí ara rẹ̀ ti máa ń fúyẹ́ tí ọkàn rẹ̀ sì máa ń dákẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Fèrè nítorí fèrè tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ti ṣèlérí pé bí òun bá fẹ̀yìn tì, Tísà Omi lòun máa fa ibẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹni tó ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ níwájú kì í wá ọkọ kánkán. Ṣùgbọ́n Káfíńtà á dúró dè é lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á jọ rìn, á sì máa sọ̀rọ̀ igi fún un: igi tí omi ń bàjẹ́, igi tí omi ò lè ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí kò bá wá, ojú ọ̀nà ni Tísà Omi máa ń wò títí. Oṣù mẹ́fà ò pé tó fi mọ̀ pé òun ti kó sí i lọ́wọ́.

Káfíńtà mú un lọ rí ìyá rẹ̀. Opó ni ìyá náà, ọmọ méjì péré ló bí: Káfíńtà, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n gbé tíì fún un. Ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àbùkù.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìlúwẹ̀ẹ́, mà."

"Àwọn ọmọdé nìyẹn."

"Tọmọdé tàgbà ni, mà."

"Ọkùnrin ńkọ́?"

"Ọkùnrin náà ń wá, mà."

Ìyá náà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Kí lo máa ń wọ̀?"

Tísà Omi ṣàlàyé. Bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni aṣọ náà ń kéré sí i lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Káfíńtà tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá náà ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. Ó dúpẹ́ pé wọ́n wá, ó ní kó bá òun kí àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Àǹtí wá bá a níbi iṣẹ́. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì létí omi.

"Ìyàwó wa," ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀, "Màmá ò kọ̀ ẹ́ o. Wọ́n ní o lẹ́kọ̀ọ́. Omi ni wọ́n kọ̀."

"Kí ni omi ṣe fún wọn, Àǹtí?"

"Wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn ò ní máa wọ omi níwájú èèyàn. Ìyẹn nìkan. Bí o bá lè fi ìyẹn sílẹ̀, lọ́la gan-an ni wọ́n máa tẹ́wọ́ gbà ẹ́."

"Ìyẹn nìkan," ni Tísà Omi tún un sọ.

Àǹtí wo omi náà fún ìgbà díẹ̀. "Èmi náà fi nǹkan kan sílẹ̀ nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ rántí ohun tó jẹ́ mọ́."

Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni.

Bàbá Tísà Omi, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. "Ẹni tó ní kí o gé ìka kan kí o tó wọlé òun," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, "bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi mẹ́sàn-án tó kù ṣe." Tísà Omi fi ọ̀sẹ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ, ó lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ìdáhùn ò wá. Bó bá ní kóun fi Káfíńtà sílẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Bó bá ní kóun fi omi sílẹ̀, bákan náà ni. Níkẹyìn ó pinnu pé òun máa sọ fún Káfíńtà kó máa lọ ní àlàáfíà.

Kò rí ọ̀rọ̀ náà sọ. Káfíńtà wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú okùn àti èèkàn mẹ́rin, ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́. Ó gbá àwọn èèkàn náà mọ́lẹ̀, ó fa okùn yí wọn ká. Tísà Omi fi ẹsẹ̀ wọn gígùn rẹ̀: ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Ibí ni omi rẹ máa wà," ni Káfíńtà wí. "Màá fi pákó ṣe pèpéle yí i ká, igi tí omi ò lè ṣe nǹkan kan. Màá gbé àtíbàbà ró sí ẹ̀gbẹ́ ibí yìí kí oòrùn má máa pa ẹ́. Màmá ní kí o má wọ omi níwájú èèyàn. Wọn ò ní kí o má wọ omi."

"Nígbà wo?"

"Kọ́dún méjì tó pé."

Tísà Omi dúró sí àárín okùn náà, ó wo ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì rí omi níbẹ̀ kedere. Ìfẹ́ ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han èèyàn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó dá kọ́kọ́rọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ padà fún Ọ̀gá Fèrè. Bàbá náà gbà á, ó fi fèrè rẹ̀ ṣeré lọ́wọ́ títí. "Mi ò ní ní kí o má lọ," ó ní. "Má kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé nǹkan kékeré lo fi sílẹ̀." Wọ́n ṣègbéyàwó láàárín ọdún yẹn, ìyá ọkọ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mọ́ra níwájú gbogbo ẹbí.

Ọdún méjì pé. Okùn náà jẹrà, Káfíńtà fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú. Kì í pariwo mọ́ ọn, kì í sun ìta, bó bá sì rí pákó tó lẹ́wà lọ́dọ̀ oníbàárà, á gé díẹ̀ wálé fún un kó lè gbóòórùn rẹ̀. Ilé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Tísà Omi ń bójú tó báyìí. Òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, òun ló ń ya àwòrán àga tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe. Oyún méjì wá, méjèèjì ò dúró. Ní ìgbà kejì, ó ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ máa sọ, ọ̀rọ̀ omi tútù tó ti kó sí i nínú láti kékeré. Ìyá náà ò sọ nǹkan kan. Ó wá jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Tísà Omi lè kórìíra rẹ̀ dénú.

Ní ọdún kẹrin, àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ ọ̀tún lára ìyá náà. Àtẹ̀gùn pọ̀ nílé tirẹ̀, kò sí bó ṣe lè dá gbé níbẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tísà Omi wo ojú wíńdò kíṣìnnì, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń fa èèkàn méjì tu nínú mẹ́rin.

Ó jáde lọ bá a. Kò tíì la ẹnu tí Káfíńtà fi ní, "Níbo lo fẹ́ kí n kọ́ yàrá fún wọn sí? Ààyè ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀."

"Mi ò sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò sọ̀rọ̀."

Wọ́n kọ́ yàrá náà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ìlẹ̀kùn fífẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gbà kọjá. Ọdún méje gbáko ni Tísà Omi fi tọ́jú ìyá ọkọ níbẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Àárín ìgbà yìí ni aládùúgbò kan sọ fún un pé ìjọba ti fi yẹ̀pẹ̀ dí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà, mọ́tò ni wọ́n ń gbé sí i báyìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì ń bá aṣọ tó ń sá lọ. Nígbà tó sá èyí tó kẹ́yìn tán, ó rí i pé òun ò mọ ìgbà tóun sá àwọn yòókù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn ìyá náà, ìyá náà bi í léèrè, "Báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Kí ni, Màmá?"

"Inú omi. Tó bá bò ẹ́ lórí."

Tísà Omi fún kànrìnkàn náà. "Ariwo máa ń tán, Màmá. Èèyàn á máa gbọ́ àyà ara rẹ̀ nìkan. Kò sẹ́ni tó lè pè ẹ́ kí o gbọ́."

"Ohun tí mo rò nìyẹn," ni ìyá náà wí.  "Ẹ̀rù rẹ bà mí lọ́jọ́ tí o wá. Mo rí i pé o ní ibì kan tí o lè lọ, tí ọmọ mi ò ní lè tẹ̀ lé ẹ dé. Mo ní bí ẹ bá jà, ibẹ̀ lo máa gbà lọ."

"Ẹ̀yin lẹ wá ti ibẹ̀ pa, Màmá."

"Èmi ni mo tì í. Bí o ò bá lè dárí jì mí, má parọ́ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

 Tísà Omi nu ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, ó wọ aṣọ fún un, ó gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá náà kú, Tísà Omi ò sì tíì dá a lóhùn.

Ìsìnkú ò tíì pé oṣù méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ fi dé ẹ̀yìnkùlé. Káfíńtà ò sọ fún ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bíríkìlà àti àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ni obìnrin náà kàn rí láàárọ̀. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́ kòtò náà. Nígbà tí ṣọ́bìrì dé ìpìlẹ̀ yàrá Màmá, bíríkìlà ní àwọn ò lè lọ síwájú mọ́, ògiri á wó. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró. Wọ́n hun irin, wọ́n da kọnkéré, wọ́n ń fi àpò tútù bò ó lójoojúmọ́ kó má baà sán. Púlọ́ńbà wá tẹ páìpù. Wọ́n lẹ táìsì aláwọ̀ búlúù sára ògiri rẹ̀.

Pèpéle ni Káfíńtà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Oṣù méjì ló fi ṣe é. Ó fá pákó kọ̀ọ̀kan títí tí èèyàn lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lé e. Ó fi àlàfo ìka kan sáàárín wọn kí omi lè máa sẹ̀ lọ, ó ri orí gbogbo ìṣó wọlé kí wọ́n má baà gún ẹsẹ̀, ó fi òróró pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló gbé àtíbàbà ró lórí òpó mẹ́rin, ó tẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sórí rẹ̀ tí oòrùn ń gbà já bọ́ sílẹ̀ bí ìlà ìwé. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Láti ojú wíńdò kíṣìnnì, Tísà Omi ń wo kòtò tó wà láàárín gbogbo ẹwà náà. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Ó ti fojú wọ̀n ọ́n, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ojú lè ṣìnà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sínú rẹ̀ ni Ọ̀gá Fèrè pè é lórí fóònù. Ohùn bàbá náà ti dogbó. Ó ní ilé ìwé kan nílùú tó jìnnà ń wá olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ní púùlù ńlá, ilé sì wà fún olùkọ́. "Orúkọ rẹ ni mo fún wọn," ó ní. "Bí o bá fẹ́, sọ. Bí o ò fẹ́, sọ."

"Mo ti dàgbà, Ọ̀gá."

"Omi ò bi ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ orí."

Ó ní òun máa pe bàbá náà padà.

Lọ́jọ́ tí púùlù náà kún, Káfíńtà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò mẹ́ta. Wọ́n yin pèpéle, wọ́n yin àtíbàbà, wọ́n ní ọkùnrin tó ṣe irú èyí fún ìyàwó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Tísà Omi jáde wá nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àtijọ́, tó ti há a ní èjìká. Ọdún kọkànlá rèé tí ara rẹ̀ ti kan omi tó jìn kẹ́yìn. Ó bẹ́ sínú rẹ̀. Ariwo tán. Àyà rẹ̀ kún fún ayọ̀ tó fẹ́ dà bí ìrora, ó na ọwọ́, ó fa omi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ìka rẹ̀ sì gbá ògiri. Ó yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ògiri. Ó tún yí padà. Lẹ́yìn ògiri náà ni yàrá Màmá wà. Nígbà tó gbé orí sókè, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, Káfíńtà sì jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tó gba ẹ̀bùn ní ilé ìwé.

"Ṣé ó dáa?" ó bi í.

"Ó dáa," ó ní.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n jókòó lórí pèpéle. Ẹsẹ̀ Tísà Omi wà nínú omi. Káfíńtà ká tirẹ̀ sábẹ́.

"Ó kúrú," ni Tísà Omi wí.

Káfíńtà ò wò ó. "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo fa èèkàn méjì tu ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o fi ṣe é?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n má ṣe nǹkan kan?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó. "Bí mo bá ti sọ fún ẹ pé ó máa kúrú, wàá ní kí n fi sílẹ̀. Ọdún kejìlá á tún kọjá. Mo ní kí n kúkú ṣe èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Pèpéle náà lẹ́wà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

"Màá wó yàrá Màmá. Bí o bá ní kí n wó o, lọ́la ni."

Tísà Omi wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó máa wó o lóòótọ́, kò sì ní lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. Omi tó bá ti inú irú ìwólulẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, kò sí ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

"Má wó o," ó ní. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní òun máa gba iṣẹ́ náà. Káfíńtà gbọ́ ọ tán. Ó béèrè ọjọ́ tó máa lọ. Tísà Omi ní Ọjọ́ Ajé. Káfíńtà ní kó jẹ́ kóun bá a ṣe àpótí kan tó lè kó ẹrù rẹ̀ sí, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Láti orí pèpéle, Tísà Omi ń gbọ́ ìró ayùn. Ó ń dúró kí ayùn náà dákẹ́, kí ọkùnrin náà jáde wá sọ pé kó má lọ. Ayùn ò dákẹ́.

Wọn ò kọ ara wọn sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Tísà Omi ń wálé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Káfíńtà á ti gbá ewé kúrò lójú omi, á ti fi kẹ́míkà sí i, wọn á jókòó sábẹ́ àtíbàbà bí àlejò méjì. Lẹ́yìn náà ó di oṣooṣù. Ní oṣù kẹjọ, Tísà Omi rán Àǹtí sí Káfíńtà: iṣẹ́ igi pọ̀ nílùú tóun wà, ilé tí wọ́n fún òun gba èèyàn méjì, kó wá. Ó ní òun fi ohun tóun ní sílẹ̀ tẹ̀ lé e nígbà kan. Òun náà ń bẹ̀ ẹ́ báyìí kó tẹ̀ lé òun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí Àǹtí tó mú èsì wá. Ara rẹ̀ ti ń wúwo. Ó fi ìnira jókòó létí púùlù ilé ìwé náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ní òun ò lè fi ilé sílẹ̀," ó ní. "Ó ní ibẹ̀ ni Màmá kú sí. Gbogbo ohun tóun fọwọ́ ara òun kọ́ wà níbẹ̀. Ó ní kí o má bínú."

"Ṣé ó rò ó dáadáa?"

"Ó rò ó. Ó rù, ìyàwó wa. Ẹkún ló fi ń sọ ọ́ fún mi." Àǹtí nu ojú ara rẹ̀. "Kí ni kí n sọ fún un?"

Omi náà lọ jìnnàjìnnà níwájú wọn, láti ẹsẹ̀ wọn títí dé ògiri kejì, kò sì sí èèyàn nínú rẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé mi ò bínú."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ ọ́."

Ó sìn ín dé géètì, ó ràn án lọ́wọ́ wọ mọ́tò, ó dúró títí mọ́tò náà fi yí igun. Nígbà tó padà dé, kíláàsì aago mẹ́rin ti tò sétí omi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta omi síra wọn. Ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ò ti ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́, ó sunkún bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó jáde lọ kọ́ wọn.